Nígbà Tí Ìyá Àgbà Fún Wọn Ní Márùn-ún: Bí A Ṣe Lè Gbọ́ Tẹnu Aláìsàn Nípa Ìtọ́jú Orí Fóònù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní sáà tó kọjá, mo wọkọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn lọ sí Mọníyà láti kí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n fọwọ́ lérán. Wọ́n ní òòyì ti ń kọ́ àwọn láti bí ọjọ́ mélòó kan, pé bí àwọn bá dìde lójijì, ṣe ni ilẹ̀ ń yí. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Àgbà ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà oògùn ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Oògùn wo? Ṣebí àwọn dókítà orí fóònù ní kí n má lò ó títí a ó fi ríra.”

Mo gba fóònù wọn, fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà wà níbẹ̀, kò ní àmì kankan: “E ma lo oogun funfun naa titi a o fi ri yin. E pada wa leyin ojo mejo.” Àbúrò mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kà á sí wọn létí. “Ẹ má lo” ni ọmọ náà kà. “Ẹ máa lo” ni ilé ìwòsàn náà ní lọ́kàn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò. Ìfúnpá wọn ti gòkè. Nọ́ọ̀sì bá wa wí gidi, nítorí pé ewu ńlá ni kí ènìyàn ṣàdédé dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. A dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí wà nísàlẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Òmíràn tẹ̀ lé e, tó ní kí Ìyá Àgbà fi nọ́ńbà láti 1 dé 5 sọ bí iṣẹ́ àwọn ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó. Ìyá Àgbà ti ní kí ọmọ náà tẹ 5 fún wọn. Nígbà tí mo pe ilé ìwòsàn náà ní ọjọ́ Ajé, ẹni tó gbé fóònù dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́tù pé àwọn tí àwọn ń tọ́jú ń yin àwọn, pé máàkì wọn wà lórí kọ̀ǹpútà. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn yìí, nítorí pé àṣìṣe náà kì í ṣe tiwọn nìkan.

Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nìyí: máàkì tí aláìsàn fúnni kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà wúlò fún un. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú orí fóònù dára lójú aláìsàn, ohun tó gbọ́ àti ohun tó fi ṣe ni kí a bi í. Ọ̀rọ̀ èdè sì ni èyí, tí ó túmọ̀ sí pé ó kan àwa tí a wà ní ẹ̀ka yìí.

Kí ni ìtọ́jú orí fóònù?

Gbogbo ọ̀nà tí ilé ìwòsàn àti aláìsàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìfojú kan ara wọn ni mo ń pè bẹ́ẹ̀: dókítà tó pe ènìyàn lórí fóònù tàbí lórí fídíò, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń ránni létí ọjọ́ àyẹ̀wò, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tó ń sọ pé kí a tẹ ení tàbí èjì, àti áàpù tí a fi ń bèèrè oògùn.

Ní Gánà, iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mobile Midwife bẹ̀rẹ̀ ní 2010 ní ẹkùn Upper East. Ó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí aboyún gẹ́gẹ́ bí oyún ṣe ń dàgbà, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní ohùn, ní èdè àwọn ará ibẹ̀, kí ẹni tí kò kàwé lè gbọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìjọba South Africa dá MomConnect sílẹ̀ fún àwọn aboyún ní èdè 11. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí irú iṣẹ́ báyìí. Wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé kí a ṣọ́ àṣírí aláìsàn, kí a má sì fi ẹ̀rọ rọ́pò òṣìṣẹ́ ìlera.

N kò lòdì sí ìtọ́jú orí fóònù rárá. Ẹni tó ń gbé ní abúlé oko kan ní Akínyẹlé mọ ohun tí ìrìn àjò sí ìgboro ń ná òun: owó ọ̀kadà, owó ọkọ̀, àti iṣẹ́ oko ọjọ́ kan tó ti lọ. Bí ìpè fóònù kan bá lè dín in kù, oore ni. Nítorí pé oore ni, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmì ohùn àti owó àtẹ̀jíṣẹ́

Kí ló dé tí ilé ìwòsàn fi ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún GSM. Èdè àwọn ará Yúróòpù ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe álífábẹ́ẹ̀tì yẹn. À, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹyọ kan nínú àwọn tí kò sí yìí bá ti wọlé, gbogbo iṣẹ́ náà yóò yí padà sí ìlànà mìíràn tí kì í gbà ju 70 lọ lójú ewé kan. Ẹ tún wá wò ó: ẹ́ kì í ṣe ọ̀kan lójú fóònù, méjì ni, ẹ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.

Mo jókòó, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ Ìyá Àgbà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láìlámì, 70 ni, pẹ̀lú àlàfo àárín ọ̀rọ̀ àti àmì ìdánudúró. Nígbà tí mo fi gbogbo àmì sí i bó ṣe yẹ, ó di 74. Láìlámì, ojú ewé kan gbà á, ààyè sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Pẹ̀lú àmì, ó di ojú ewé méjì, owó méjì. Ilé ìwòsàn tó ń kọ̀wé sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì nìkan ló sọnù nínú iṣẹ́ yẹn. “Máa” ní a méjì, “má” ní ẹyọ kan. Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa àkọtọ́: nígbà kan rí, “mã” ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú àmì fàágùn lórí rẹ̀, kí àkọtọ́ 1974 tó ní kí a máa kọ fáwẹ́lì méjèèjì sílẹ̀. Bí ẹni tó kọ iṣẹ́ yẹn bá kọ “maa”, lẹ́tà kan péré ni ì bá fi kún un, kò sì ní ná an ní kọ́bọ̀. Àìmọ àkọtọ́ ló gba oògùn lẹ́nu Ìyá Àgbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí a tó fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí aláìsàn, kí a bọ́ gbogbo àmì ara rẹ̀ kúrò, kí a wò ó bóyá ìtumọ̀ kejì máa yọjú. Bó bá yọjú, kí a yí gbólóhùn náà padà. “E ma da a duro” kò ṣeé lò, nítorí pé “Ẹ má dá a dúró” àti “Ẹ máa dá a dúró” wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n “Ojoojumo ni ki e lo oogun funfun naa” kò ṣeé kà sí ọ̀nà mìíràn, kódà bí ọmọdé ló ń kà á.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀, irú ti Gánà, yanjú ọ̀rọ̀ àmì pátápátá. Síbẹ̀ ohùn ń kọjá lọ. Bí ìpè bá wọlé nígbà tí ènìyàn wà lójú ọ̀nà oko, tí ọkọ̀ ń pariwo, ó nílò ọ̀nà tí yóò fi tún un gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ ti ta ni?

Gbólóhùn kejì inú àtẹ̀jíṣẹ́ náà tún ní tirẹ̀. Ká ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò fi mẹ́jọ kún ọjọ́ Ajé, yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Àgbà ṣe ń ka ọjọ́, òní gan-an ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ mẹ́jọ òní.

Gbogbo wa la mọ ìkà yìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń sọ pé ó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún gba orúkọ rẹ̀ lára àrún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà yóò fi kún ọjọ́ ọjà yìí kó tó kan èkejì. Ìtàdógún, ẹ̀tàdínlógún ló wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n 16 ni kọ̀ǹpútà yóò fi kún un. Ìkà méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹni tó bá wá sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ti òní, kò ṣe àṣìṣe kankan. Kí wọ́n dárúkọ ọjọ́ fún un, kí wọ́n sì fi déètì tì í, ọ̀rọ̀ tán.

“A dúpẹ́” kì í ṣe máàkì

Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ló dé tí wọ́n fi fún àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ní márùn-ún. Wọ́n ní, “Dókítà yẹn kí mi, ó pè mí ní màmá, ó bèèrè àwọn ọmọ mi. Ṣé kí n wá fún un ní ẹyọ méjì ni?” Wọ́n wá pa òwe fún mi: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Àwa tí a ti ka ìmọ̀ ìlò èdè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Ilé ìwòsàn rò pé àwọn béèrè fún ìdíwọ̀n. Etí Ìyá Àgbà gbọ́ ìkíni, wọ́n sì dá ìkíni lóhùn bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí dá a lóhùn. Bí a bá bi ẹni tó wà lórí ibùsùn pé “Ṣé àlàáfíà ni?”, “A dúpẹ́” ni yóò sọ, kì í ṣe pé ara ti yá. Kì í tún ṣe tiwa nìkan. MomConnect fún àwọn ìyá láǹfààní láti fi ìbéèrè, ìyìn tàbí ẹ̀sùn ránṣẹ́, ìyìn tó wọlé síbẹ̀ sì pọ̀ ju ẹ̀sùn lọ dáadáa. Ìyìn yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìyìn kò lè sọ fún wa bóyá wọ́n lo oògùn.

Àwọn tó ń ṣe ìwé ìbéèrè mọ̀ pé ènìyàn fẹ́ràn láti gba ohun gbogbo. John Brooke ṣe ìwọ̀n kan ní 1986 tí wọ́n ń pè ní System Usability Scale, òun ni wọ́n sì ń lò jù káàkiri láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan rọrùn. Gbólóhùn mẹ́wàá ló ní. Márùn-ún ń yin ẹ̀rọ, márùn-ún ń bù ú, wọ́n sì ń tẹ̀ léra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fún gbogbo rẹ̀ ní márùn-ún, bíi Ìyá Àgbà, kò ní gba 100. 50 géérégé ni ìṣirò yóò fún un. Ọgbọ́n gidi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láìfarabalẹ̀. Atúmọ̀ èdè tó bá sọ èyí tó ń bu ẹ̀rọ di “Ṣé kò yé yín?” ti dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnì kan yóò ní “Bẹ́ẹ̀ ni”, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kò yé mi. Ẹlòmíràn yóò ní “Rárá”, ìyẹn ni pé rárá, kò yé mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, máàkì wọn sì yàtọ̀. Ẹnì kẹta tún lè ní “Rárá, ó yé mi.” Ẹni tó ń kó nọ́ńbà jọ kò ní mọ èwo ni èwo.

Ohun tí Ìdíkàn kọ́ wa

Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun àti Adesola Ogunniyi wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Ìdíkàn lórí àìsàn ìgbàgbé tó ń bá àgbàlagbà jà. Wọ́n fi àwọn Yorùbá tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé ìwọ̀n àwọn tí àìsàn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis.

Ohun tó kan àwa ni bí wọ́n ṣe bèèrè ìbéèrè. Ìwé ìbéèrè wọn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní Yorùbá fún ẹni tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí, kó sì tún ṣiṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò sì dúró sọ́dọ̀ àgbàlagbà náà nìkan. Wọ́n tún bi ẹnì kan tó sún mọ́ ọn nínú ẹbí léèrè. Ọgbọ́n yìí gan-an ló yẹ kí a lò fún ìtọ́jú orí fóònù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Mọníyà, ẹni méjì ló ń gba iṣẹ́ kan náà: ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí àti ẹni tó kà á. Bí a kò bá bi ọmọ tó kà á, a kò ní mọ ibi tí “máa” ti di “má”.

Ọ̀nà tí a mọ̀ jù láti yẹ ògbufọ̀ wò ni èyí tí Richard Brislin kọ nípa rẹ̀ ní 1970: ẹnì kan á tú u sí èdè kejì, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ á tú u padà, a ó sì fi méjèèjì wéra. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fún atúmọ̀ èdè ní ìwé tó ní àmì, “Ẹ máa lo” ni yóò rí, yóò tú u padà dáadáa, a ó sì rò pé kò séwu. Bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí lójú fóònù aláìsàn ni kí a fún un.

Àwọn ìbéèrè tí mo dábàá

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yé aláìsàn: wọ́n á ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ di Yorùbá tí àgbàlagbà lè gbà.

Dípò “Ṣé ó yé yín?”, kí a ní, “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni n kò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ fún aládùúgbò yín, báwo lẹ ó ṣe sọ ọ́?” Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rùn ẹni tó ń bèèrè ni ẹ̀bi wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dà bí ìdánwò, àgbà kì í sì í fẹ́ kí ọmọdé dán òun wò.

Dípò “Ṣé ẹ ní fóònù?”, kí a ní, “Ọwọ́ ta ni fóònù yìí máa ń wà lọ́sàn-án? Ta ló ka iṣẹ́ náà fún yín?”

Dípò “Ṣé iṣẹ́ wa tẹ́ yín lọ́rùn?”, kí a ní, “Láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti dé, kí lẹ ti ṣe? Èwo ni kò ṣeé ṣe?”

Dípò “Ṣé ẹ ní ẹ̀sùn?”, kí a ní, “Bí ọmọ yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú yìí lọ́la, ìmọ̀ràn wo lẹ máa fún un?” Àgbà kì í fẹ́ fi ẹjọ́ ẹni tó kí i sùn, ṣùgbọ́n kò sí àgbà tí kì í gbani nímọ̀ràn.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo bi Ìyá Àgbà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Wọ́n ní kó pe dókítà kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kó má fi ti ìwé ṣe. Wọ́n ní dókítà yẹn ń yára sọ̀rọ̀, ojú sì ti àwọn láti ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún ní kí ó má jẹ́ kí gbogbo ilé máa ka fóònù òun. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ṣé ẹ ṣì máa fún wọn ní márùn-ún?” Wọ́n ní, “Màá fún wọn. Wọ́n ṣe dáadáa sí mi.”

Ọ̀rọ̀ àṣírí

Ìkìlọ̀ wọn nípa fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù. Ṣùgbọ́n òfin ń wo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Fóònù tó wà lórí tábìlì pálọ̀ ńkọ́? Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dárúkọ àìsàn tí ènìyàn kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Kí ilé ìwòsàn bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: “Ta ni ẹ fẹ́ kó máa ka iṣẹ́ wa fún yín? Èwo ni ẹ kò fẹ́ kí a kọ?”

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá délé nígbà ìsinmi, ẹ bèèrè fóònù àwọn àgbà yín, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ṣí i. Ẹ wá àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tó wí fún yín kí ẹ tó kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kọ lọ́nà tí kò ní ní ìtumọ̀ méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lámì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe áàpù tàbí tí wọ́n ti ń túmọ̀ èdè, ẹ bá wa sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé onímọ̀ èdè kan yẹ kó ka iṣẹ́ náà kó tó jáde.

Oògùn Ìyá Àgbà ti padà sí ojoojúmọ́. Mo fi báírò kọ ọ́ sára páálí oògùn náà fún wọn, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: “Ojoojúmọ́, ní àárọ̀.” Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ padà fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ìwọ náà ti di nọ́ọ̀sì.” Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sọ ọ́.